Ìbéèrè Ìyá Mi Nípa Ata

Kí wọ́n tó bí bàbá mi ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Faransé, ó sì ń jáde lóṣooṣù títí di òní. Olùkọ́ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì, ní Porto-Novo níbí, kì í sì í jẹ́ kí ẹyọ kan fo òun. Àwọn tó pẹ́ jù nínú èyí tó kó jọ, àwòrán dúdú àti funfun ló wà nínú wọn, bébà wọn sì ti pọ́n bí ẹ̀pà yíyan. Ọ̀kan nínú wọn ní kò ní pẹ́ tí ọmọ aráyé á fi máa kọ́lé sínú òṣùpá. A máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín gan-an.

Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá á jókòó, á máa túmọ̀ ìwé náà sí Nàgó, Yorùbá tiwa níbí, fún èmi àti ìyá mi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ojú ewé tí wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé. Bàbá ti kọ ìbéèrè sí wọn títí ó fi sú u. Wọn ò tẹ ẹyọ kan jáde rí.

Lọ́jọ́ kan lọ́dún tó kọjá, ìyá mi lọ ata tán, ọwọ́ ń ta á, ó ń fẹ́ ẹ.

"Ẹ bá mi bi ìwé yín," ó wí fún Bàbá, "kí ló dé tí ata ń jó èèyàn, tí kì í sì í dá egbò síni lára?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ṣé ata ni wọ́n fẹ́ fi bébà wọn kọ?"

Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mo fi fóònù mi kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wọn ní ìwọ̀n Faransé tí mo gbọ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bàbá ń ka èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ, ló bá gbé e sún mọ́ ojú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ìbéèrè ata rèé o! Láti Porto-Novo!"

Ìyá mi sáré jáde láti ilé ìdáná, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo fi ránṣẹ́. Bàbá túmọ̀ ìdáhùn náà fún un: ata kì í jóni ní tòótọ́, iṣan tó ń mọ ooru ló ń tàn jẹ, tí ọpọlọ á fi rò pé iná ló dé.

"Òpùrọ́ ni ata!" Ìyá mi pàtẹ́wọ́, ó jó yí àga Bàbá ká. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, mélòó ni wọ́n ti dáhùn nínú tiyín?"

Bàbá fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín borí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi han gbogbo èèyàn. "Ìyàwó mi ló béèrè." Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò ti kún ẹnu ọ̀nà wa: kí ló ń mú àkùkọ kọ kílẹ̀ tó mọ́, kí ló ń mú àlùbọ́sà pani lẹ́kún. Bàbá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá mi jókòó tì í, òun ló ń pinnu èyí tó yẹ ká fi ránṣẹ́.