Ìkúukùu Tí Ojú Àwòdì Kò Rí Mọ́

Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pe obìnrin kan ní ibùdó ojú-ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ náà sì bá a mu. Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, bí aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ bá ti lù, obìnrin yìí á gun orí òrùlé pẹrẹsẹ lọ, á pín ojú ọ̀run sí ọ̀nà mẹ́jọ, á sì kọ iye ìpín tí ìkúukùu bò sínú ìwé. Kò lo ẹ̀rọ kankan. Ó máa ń bá ọkọ rẹ̀ ṣàwàdà pé, "Ojú ni mo fi ń jẹun, ẹnu kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Nígbà tó yá, oníṣirò kan, obìnrin bíi tirẹ̀, wá láti yunifásítì. Ó ní ìtànṣán kan ń bẹ tó ń ti àárín àwọn ìràwọ̀ wá lu ayé wa lójoojúmọ́. Àwọn kan gbà pé òun ló ń mú kí ìkúukùu dì; bó bá dín kù, ìkúukùu náà á dín kù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi ìṣirò dán ọ̀rọ̀ náà wò, ìwé ibùdó náà ló sì wá gbà.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ó padà wá. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó tẹ́ bébà kan sórí tábìlì.

"Mà, ìtànṣán ni ìlà pupa yìí. Ọdún mẹ́fà gbáko ló ti ń wálẹ̀. Ìkúukùu yín ni dúdú yìí. Òun náà ń wálẹ̀."

"Wọ́n jọ ń rìn nìyẹn."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì lè jọ máa sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè kí wọ́n má mọra. Mo wá ṣa ogójì ọjọ́ tí ìtànṣán dín kù lójijì, mo wo ìkúukùu ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣa ogójì ọjọ́ mìíràn bí ẹni tó dijú, ẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí ìtànṣán bá ń ṣe nǹkan kan, ó yẹ kí àwọn ọjọ́ tèmi yàtọ̀. Wọn ò yàtọ̀ rárá. Ìtànṣán ò mọ̀dí ọ̀rọ̀ yìí."

"Kí ló wá ń dín ìkúukùu kù?"

Oníṣirò náà wolẹ̀. "Kò dín kù, mà. Nínú àwòrán sátẹ́láìtì, ó wà bó ṣe wà. Nínú ìwé ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́sàn-án, bákan náà. Ìwé tiyín nìkan ni. Àwọn ìkúukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè pátápátá ló ń sọnù níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ ṣàyẹ̀wò ojú gbẹ̀yìn?"

Obìnrin náà ti bébà náà padà sí i. Ó ní, "Ṣé o ń sọ pé mo purọ́ ni?"

"Ẹ ò purọ́, mà. Ohun tẹ́ ẹ rí lẹ kọ."

Obìnrin náà dìde, ó gun òrùlé lọ. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tó ń gba iṣẹ́ ọ̀sán wà níbẹ̀.

"Mélòó lo rí?"

"Mẹ́fà nínú mẹ́jọ."

Mẹ́ta lòun rí. Ó ní kó fi ọwọ́ tọ́ka sí àwọn yòókù. Ọkùnrin náà na ọwọ́ káàkiri ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n níbi tó ń nà án sí, kìkì àwọ̀ aró lobìnrin náà rí. Obìnrin náà di irin ẹ̀gbẹ́ òrùlé mú, kò sì lè fi í sílẹ̀.

Dókítà ojú sọ pé omi inú ojú ló ti ń fún iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀, láìsí ìrora. Ojú ọ̀tún ti lọ ju ìdajì lọ, òsì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ohun tó sì ti lọ kò ní padà. Oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dáàbò bo ìyókù.

Nílé, ọkọ rẹ̀ ní, "Mo rí i pé o ń fẹsẹ̀ kọ àga. Mo rò pé àgbà ló ń dé ni."

"Ìwọ náà rí i," ó dáhùn, "o ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni."

Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pé ojú ẹni tó kọ ọ́ ti ń bàjẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbára lé e. Oníṣirò náà tẹ àbájáde tirẹ̀ jáde: kò rí ìbátan kankan láàárín ìtànṣán àti ìkúukùu. Ní ibùdó, ẹni méjì ló jọ ń wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, obìnrin náà sì ń kọ́ àwọn tuntun níṣẹ́. Ojú òsì rẹ̀ kò tíì burú sí i.

Ohun tó ṣì ń bà á lẹ́rù ni pé inú rẹ̀ dùn ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó máa ń délé sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ojú ọ̀run ti ń mọ́ ju ti àtijọ́ lọ.