Ìwé Òkun Tí Mi Ò Jẹ́ Kí Wọ́n Sun

Òfin kan wà nílé wa ní Odòde, ní Ìdànrè: ẹsẹ̀ mi kò gbọdọ̀ kan odò. Odò Ọ̀wẹnà ló gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń pọ̀n mí. Mo dàgbà sáàárín àpáta, mo mọ òkè gùn bí ewúrẹ́, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ wa bá ti ń sún mọ́ afárá Ọ̀wẹnà, ìyá mi á fọwọ́ bò mí lójú títí a ó fi kọjá.

Bó ṣe wá jẹ́ pé ìwé òkun ni mo fẹ́ràn jù láyé, ẹ bi ọkùnrin tó ń ta ìwé tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Alájì là ń pè é. Orí tapólì ló máa ń tẹ́ ìwé sí, ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé oúnjẹ sísè, ìwé òyìnbó tí ọ̀rinrin ti mú. Aránṣọ ni mí, ìwé tó ní àwòrán aṣọ ni mo wá débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà ń ṣa èyí tó nípọn jọ, kó lè rí nǹkan fi wé ẹ̀pà. Ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣí sílẹ̀. Mo rí ọkọ̀ ojú omi kan, kò tóbi ju ṣọ́ọ̀bù mi lọ, tó ń gun ìgbì tó ga bí òkè wa. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kà á ni."

Ó wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ jẹ iyanrìn, ó sì nà án sí mi.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ti kà á. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le, fóònù ni mo fi ń wá ìtumọ̀. Atẹ́gùn nìkan ni ọkùnrin náà fi la òkun já, kò ní ẹ́ńjìnnì, kò ní ẹnì kejì. Nígbà tí ìgbòkun rẹ̀, aṣọ ńlá tó ń gba atẹ́gùn, ya, ó jókòó, ó fi abẹ́rẹ́ rán an. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti mú mi. Mo mọ bó ṣe ń rí kí aṣọ nípọn kí abẹ́rẹ́ máa gún ni lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹni tiwa nìyí." Láti ìgbà náà, bí Alájì bá ti rí ìwé tó ní ọkọ̀ ojú omi lẹ́yìn, á gbé e pa mọ́ dè mí.

Àwọn ìwé náà ti kún pákó tó wà lókè ibùsùn mi kí ọ̀rọ̀ tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Aládùúrà ni wá. Nínú ìsìn ọjọ́ kan, wòlíì àgbà dìde, ó nàka sí mi.

"Ẹ̀mí omi ti bá ìwé wọ ilé yín. Òun ló mú ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Òun ló dè ọ́ tí o ò fi rí ọkọ fẹ́. Kó gbogbo wọn wá, ká sun wọ́n."

Ìjọ ṣe àmín. Ti ìyá mi ló ròkè jù.

Mo dìde nínú sùtánà mi. "Bàbá, mo ti gbọ́. Mi ò ní kó wọn wá."

"Ọlọ́run ló ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

"Ṣé Ọlọ́run tó dá òkun náà ló wá ń bínú sí ìwé òkun?"

Ìyá mi ń fà mí láṣọ pé kí n jókòó. Mi ò jókòó. Mo jáde, mo wọ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá ìjọ gbé àpò wá. Mo ní kí wọ́n jókòó. Mo nawọ́ ìwé kan sí wọn. "Ẹni tó bá fẹ́ sun ún, kó kọ́kọ́ kà á. Bó bá rí ẹ̀mí omi níbẹ̀, èmi fúnra mi ni màá ṣáná sí i." Kò sẹ́ni tó gbà á. Wọ́n gbé àpò òfìfo wọn lọ, àwọn kan sì wá kó aṣọ tí wọ́n fún mi rán padà. Ó dùn mí. Síbẹ̀, mo ṣì ń kàwé mi. Nílé, ìyá mi kò sọ̀rọ̀ sí mi ju ìkíni lọ.

Òjò dé. Ìyá mi yọ̀ lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. "Ẹ ò rí iṣẹ́ ẹ̀mí omi náà bí?" ni àwọn èèyàn ń wí. Mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi wá sí pálọ̀, níbi tí a tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí, kí n lè máa tọ́jú rẹ̀. Bí mi ò bá ń ránṣọ, màá tún ìwé àkọ́kọ́ yẹn kà, ojú rẹ̀ á sì wà lára mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó déédéé bi mí, "Kí ni ọkùnrin inú ìwé ẹ yẹn ń ṣe báyìí?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín ni. "Ìjì ń jà, Màmá. Ó ti fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ ọkọ̀."

"Ó káre. Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ìyá rẹ̀ mọ ibi tó wà?"

"Ìwé ò sọ."

Ó pòṣé. "Kà á sókè, kí n gbọ́."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mò ń wo Gẹ̀ẹ́sì, mò ń sọ ọ́ ní èdè Ìdànrè. Nígbà tí a dé ibi tí ọkọ̀ ti fẹ́ dojú dé, mo pa ìwé dé.

"Kí ló dé?"

"Màmá, ibí yìí ò dáa fún yín."

"Mo ní kí o kà á."

Mo kà á. Ìgbì yí ọkọ̀ náà, òkùnkùn bo ọkùnrin náà nínú omi, lẹ́yìn náà ọkọ̀ rọra yí ara rẹ̀ padà, ó dìde. Omijé ń bọ́ lójú ìyá mi. Ó wá sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn. Ó ní ó mọ̀wẹ̀ bí ẹja, pé àwọn ọmọ yòókù máa ń pàtẹ́wọ́ fún un létí odò.

"Òjò ti rọ̀ lápá òkè lọ́jọ́ náà," ó ní. "Omi ya dé lójijì. Mo wà níbẹ̀. Mi ò rí ẹ̀mí kankan. Omi ni mo rí."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wòlíì wá gbàdúrà fún un. Ó rí ìwé lórí àga. "Ìyá, ẹ ṣì jẹ́ kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú ilé?"

Ìyá mi fi ìgúnpá gbéra díẹ̀ lórí ibùsùn. "Bàbá, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Ẹ bá mi gbàdúrà sí ẹsẹ̀. Ẹ fi ìwé ọmọ mi sílẹ̀, a ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin náà máa délé."

Àdúrà ọjọ́ náà kò gùn rárá.

Nígbà tó ti ń fi ọ̀pá rìn, mo sọ fún un pé mo fẹ́ lọ rí òkun. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní, "Wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì yẹn." Mo wọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, mo sì bá àwọn èrò wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì níbẹ̀. Mo bì. Ẹ̀rù bà mí dé eegun. Ọlọ́kọ̀ bi mí bóyá kí òun dá mi padà sí èbúté, mo ní kó máa lọ. Lẹ́yìn igbó orí omi, gbogbo nǹkan ṣí sílẹ̀ lójú mi, kò sí òkè kankan níwájú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀ sí etíkun, mo pe ìyá mi.

"Báwo ló ṣe rí?"

Mo na fóònù sí ìgbì tó ń fọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Nígbà tí mo gbé e padà sí etí, ìyá mi ṣì ń gbọ́.

"Má tíì pa fóònù," ó ní. "Jẹ́ kí òkun máa pariwo."