Wọ́n Gba Orúkọ Mi Kúrò Lára Màmá

Ẹ bá mi yọ̀, mi ò lórúkọ lára ìyá mi mọ́!

"Ìyá Bọ́sẹ̀" ni gbogbo ará ìlú Akanran ń pe màmá, bẹ́ẹ̀ èmi Bọ́sẹ̀ kọ́ ni àkọ́bí. Bọ̀ọ̀dá mi Ṣeun ni. Ẹ̀kọ́ kì í tètè yé wọn, làwọn èèyàn bá fo orúkọ wọn.

Níbi ìpàdé òbí níléèwé bọ̀ọ̀dá láàárọ̀ yìí, ọ̀gá tíṣà ní kẹ́nikẹ́ni má pe àwọn ọmọ kíláàsì bọ̀ọ̀dá ní "dìndìnrìn" mọ́. "Akẹ́kọ̀ọ́ tó nílò àtìlẹ́yìn" ni ká máa wí.

Màmá nawọ́.

"Ẹ máa wí, Ìyá Bọ́sẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, tíṣà. Orúkọ tèmi ńkọ́? Ta ni àkọ́bí mi?"

Ọ̀gá tíṣà bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, Ìyá Ṣeun."

Bọ̀ọ̀dá fò sókè! Wọ́n ń bọ gbogbo òbí lọ́wọ́ kiri: "Màmá mi nìyẹn o!"

Bá a ṣe ń bọ̀ wálé, aládùúgbò wa kan kígbe: "Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ káàbọ̀!" Màmá ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Èmi ni mo ní kí aládùúgbò náà tún màmá kí, kó pè wọ́n ní Ìyá Ṣeun.

Ẹ̀yin náà, ẹ kí wọn nísàlẹ̀ níbí: "Ìyá Ṣeun, ẹ kú ewu ọmọ!"