Wọ́n fi mí pe wolé-wolé

Ẹnìkan kúnlẹ̀ bẹ̀ mí lónìí pé kí n má mú ìyá òun lọ. Ẹni náà ti lé lọ́gọ́rin ọdún.

Ilé ìtọ́jú arúgbó kan ní Igbó-Ọrà ni mo lọ yẹ̀ wò bóyá kí n fi màmá mi, tí wọn kò dá mi mọ̀ mọ́, síbẹ̀. Mo yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Mo ṣí dúrọ́ọ̀mù omi.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo inú omi ni ìyá àgbà kan di ṣòkòtò kakí mi mú.

"Bàbá wolé-wolé, ẹ dákun, ẹ má mú ìyá mi lọ sí kóòtù. Èmi ni mi ò fọ àmù."

Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. "Ayé ìjọba òyìnbó, nígbà tí wolé-wolé ń yẹ àmù wò kiri, ni ọkàn wọn wà, sà. Ẹ ṣáà dá wọn lóhùn."

Mi ò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Mo ní, "Ẹ dìde, mà. Mi ò ní mú ìyá yín lọ."

"Ẹ búra."

Mo búra.

Mo padà sídìí mọ́tò. Inú rẹ̀ ni màmá tèmi jókòó sí dè mí, báàgì aṣọ wọn wà lórí itan wọn. Wọ́n bi mí pé:

"Ọ̀gá, ṣé ilé là ń lọ báyìí?"

A ṣì wà níwájú géètì. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni kí n sọ?