Omi Àgbà Inú Ìkòkò Ìyá Mi

Ìkòkò ńlá kan wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ilé wa ní Adigbe tí a kì í dà gbẹ. Ìyá ìyá mi ló ni ín. Aláró ni òun, aláró ni ìyá mi, èmi náà sì ń kọ́ iṣẹ́ aró láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin. Nígbà tí màmá àgbà kú, àwọn ọkùnrin fi igi gbé ìkòkò náà wá sílé wa pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé òkú. Ìyá mi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má jẹ́ kí ó dànù.

Omi òjò ni. Òun ni a fi ń se ẹ̀kọ tí a fi ń ya iṣẹ́ sára àdìrẹ, òun náà ni a ń bù sí aró. Ìyá mi ní omi ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí aṣọ mu aró dáadáa. Bí òjò bá rọ̀, omi tuntun á bọ́ sórí ti àtijọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, a ó máa bù ú díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ kí ìdí ìkòkò gbẹ. Omi àgbà ni ìyá mi ń pè é, torí pé omi tí ìyá rẹ̀ gbe ṣì wà níbẹ̀.

Tanwíjí, àwọn kòkòrò tíntìntín inú omi, pọ̀ nínú omi náà. Bí òjìji ènìyàn bá bọ́ sójú omi, wọn á ká ara wọn kò, wọn á rì lọ sísàlẹ̀, nígbà tó bá ṣe díẹ̀ wọn á tún yọ́ gòkè wá. Lójú tiwa, ohun rere ni. Àwọn àgbà ní omi tí tanwíjí bá ń gbé kò ní májèlé nínú. Bí a bá fẹ́ mu ún, aṣọ ni a fi ń sẹ́ ẹ. Bí oníbàárà bá bèèrè ohun tó mú kí aró wa dú tó bẹ́ẹ̀, ìyá mi á mú un lọ síbi ìkòkò. "Ẹ wò ó fúnra yín. Omi yìí ní ẹ̀mí."

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Láfẹ́nwá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ibà kọlù ú nínú oyún àkọ́kọ́, oyún náà sì bàjẹ́. Nígbà tí ó tún lóyún, ìyá mi lọ mú un wá sílé. Ó ní gọ́tà Láfẹ́nwá ló pa ti àkọ́kọ́, gọ́tà tí omi rẹ̀ dúdú, tó ń rùn. "Ọ̀dọ̀ wa mọ́. Igbó tútù ló yí wa ká. Ibà kò ní rí ọ níbí." Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìkòkò ni ó fún un, torí ibẹ̀ tutù jù. Ẹ̀fọn wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n a kò kà á sí. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó jó èèpo ọsàn gbígbẹ, ó parí.

Èmi ni mo máa ń bá ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ aboyún wò. Ní ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn fún wọn. Ó ní abo nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí kí ẹyin rẹ̀ lè gbó, orí omi tí kò ṣàn ló sì ń yé e sí, ẹyin náà ló ń di tanwíjí.

Obìnrin kan ní iwájú gbé ohùn sókè. "Nọ́ọ̀sì, bí ìyá wọn bá ń mu ẹ̀jẹ̀, kí ni bàbá wọn ń jẹ?"

"Omi inú òdòdó."

"Ẹ ò rí i! Bíi ti bàbá ilé mi gẹ́lẹ́. Èmi ni n ó sáré kiri wá oúnjẹ ọmọ, òun á lọ jókòó ti òdòdó."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí kò pa wá lẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kò fẹ́ràn gọ́tà. Omi tó mọ́ ló ń wá.

Bí a ti ń padà bọ̀ wá sílé, ẹ̀gbọ́n mi ní, "O gbọ́ ohun tó sọ nípa omi tó mọ́?"

Mo mi orí pé mo gbọ́.

"Ta ni yóò sọ ọ́ fún Màámi nínú àwa méjèèjì?"

Mo wo ilẹ̀. Ó fi èjìká gbún mi. "Ìwọ yìí! Ìgbín ló bí ọ. A kàn sọ̀rọ̀, o ti wọ inú ìkarahun."

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ìyá mi ń fún aṣọ nínú aró, kò gbójú sókè. "Nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó ti rẹ aṣọ rí? Omi tí mo mu dàgbà, tí mo fi wẹ̀ yín, òun ló wá di ìyá ibà?" Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Èmi kò lè bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo ní ọwọ́. Nígbà tí mo bá lọ ṣẹ́ igi nínú igbó ẹ̀yìn ilé, mo ń da omi inú agolo àti ìkarahun ìgbín nù, mo sì fi yanrìn dí ihò ara igi tí òjò ti kún. Kò sí ibi tí n kò bá tanwíjí. Ìkòkò nìkan ni n kò fọwọ́ kàn.

Wolé-wolé dé ní àárín òjò, bàbá kan tí ó ti ń hu ewú. Ó kí ìyá mi bí a ti ń kí aláró. "Àrẹ̀dú o!"

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá wolé-wolé. Ìkòkò mi kò jalè o."

Ó bu omi sínú abọ́ funfun, ó sì pè wá kí a wá wò. Púpọ̀ nínú tanwíjí náà dorí kodò, ìrù wọn ló kan ojú omi. Ó ní oríṣi ẹ̀fọn mìíràn ni ìyẹn yóò dà, òmíràn nínú wọn sì lè gbé ibà pọ́njú. Lẹ́yìn náà ó tọ́ka sí àwọn díẹ̀ tí wọ́n dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú omi, bí igi ìṣáná. "Èyí ni ti ibà tí ẹ mọ̀."

"Ọmọ kékeré lẹ rí, ẹ ti mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí yóò dá," ni ìyá mi wí.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí a máa da omi náà nù kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, kí a sì fọ inú ìkòkò, tàbí kí a da kẹrosíìnì díẹ̀ lé e lójú.

"Kẹrosíìnì! Nínú omi ìyá mi!"

"Ẹ wá fi aṣọ dè é lẹ́nu. Òjò á wọlé, ẹ̀fọn kò ní wọlé."

Ojú ìyá mi yí padà. "Òkú ni a ń fi aṣọ bò lójú, bàbá."

Wolé-wolé wo ikùn ẹ̀gbọ́n mi tí ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun kò ní fagbára da omi ẹnikẹ́ni nù, ṣùgbọ́n kí ìyá mi wo ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ó dágbére, ó lọ.

Òjò pọ̀ sí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní òtútù ń mú òun nínú oòrùn. Gbogbo aṣọ tí a kó bò ó, ó ń gbọ̀n lábẹ́ wọn. Nígbà tí ó yá, ara rẹ̀ gbóná, ó sì ń pe ìyá mi ní orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní ọsibítù. Ìyá mi dúró tì í, èmi ń gbé oúnjẹ lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ń bi nọ́ọ̀sì léèrè: "Ṣé ọmọ inú rẹ̀ ṣì ń mira?" Nọ́ọ̀sì á tẹ́tí sí ikùn rẹ̀, á ní ó ń mira, ṣùgbọ́n kò lágbára.

Ní òwúrọ̀ kan, ìyá mi wá sílé láti mú aṣọ. Kò wọ yàrá. Ó lọ síbi ìkòkò, ó dúró, ó wo inú rẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó pè mí.

"Wá bá mi tì í."

Mo rò pé n kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti fi àyà ti ìkòkò náà. Mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a jọ tì í, ó sì ṣubú ní ẹ̀gbẹ́. Omi náà ṣàn káàkiri ẹsẹ̀ wa, ó gba ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sínú igbó. Ìyá mi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. "Màámi, ẹ má bínú. Ọmọ ọmọ yín ni." Tanwíjí ń ta pọ́ún pọ́ún lórí ilẹ̀, títí ilẹ̀ fi fa omi abẹ́ wọn mu. A dojú ìkòkò délẹ̀. Ó mú aṣọ, ó padà sí ọsibítù.

Abẹ́rẹ́ àti oògùn ló wo ẹ̀gbọ́n mi sàn. Ọmọ náà kò dúró pé oṣù rẹ̀. Obìnrin ni, ó kéré débi pé ìyá mi ń bẹ̀rù láti gbé e, ṣùgbọ́n ó ké.

N kò lè sọ pé inú ìkòkò yẹn ni ẹ̀fọn tó jẹ ẹ̀gbọ́n mi ti wá. Kòtò kan wà ní etí igbó, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ nígbà kan. Omi rẹ̀ mọ́, oòrùn ń tàn sí i, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì wo inú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn tí wọ́n dé láti ọsibítù ni èmi àti ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó eérú tí a ti sẹ́ omi rẹ̀ fún aró tán lọ dà síbẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kún. Ìyá mi ra àwọ̀n ẹ̀fọn fún ọmọ náà. Ó ń gbe omi òjò sínú ìkòkò kéékèèké báyìí, aṣọ ló sì ń fi de ẹnu wọn.

Ìkòkò ńlá kò kúrò lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó ṣì dojú délẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, omi á máa bọ́ sí i nídìí, ìyá mi á sì dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, á máa gbọ́. Kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò tíì mọ ìrìn dáadáa, di ìkòkò náà mú dìde, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú. Mo sáré lọ gbé e.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá mi wí. "Òun la dà á nù fún."