Òjé Tó Bá Mi Wọlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń béèrè bí a ṣe da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ òjé tó wà lẹ́yìn Ìfọ̀, ẹ má rò pé ìgboyà ló gbé wa débẹ̀. Ẹ̀rù ni. Ó tó bí ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa mẹ̀kúnnù, iṣẹ́ sì wọ́n bí ojú. Ìkirè ni mo ti wá. Ọkọ mi ń ṣe bíríkìlà káàkiri Ajuwọn, a sì háyà yàrá kan ní Ìfọ̀. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé, ṣe ni mo ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Bátìrì ọkọ̀ tó ti kú ni wọ́n ń kó wá síbẹ̀. Àwọn ọkùnrin á fi àáké fọ́ ọ, wọ́n á da ásíìdì inú rẹ̀ nù; àwa obìnrin á ṣa òjé inú rẹ̀ sọ́tọ̀, a ó sì gbá ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ́ ọ nínú iná ìléru. Eruku rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí àtíkè. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ilé iṣẹ́ máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní agolo mílíìkì méjì, wọ́n ní mílíìkì ń fọ eruku kúrò nínú ara. A gbà wọ́n gbọ́. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni mo máa ń pín in.

Ọwọ́ Ràsákì ló kọ́kọ́ là wá lójú. Ará Ìwó ni, ẹ̀gbẹ́ ìléru ló ń dúró sí, òun nìkan sì máa ń gbé ẹrù tí ẹni méjì ń gbé. Inú rírun bẹ̀rẹ̀ sí í ká a mọ́lẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ márùn-ún kó tó lè yàgbẹ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ láti ọrùn ọwọ́. Ó na apá sí mi lọ́jọ́ kan láti gba mílíìkì, ọwọ́ náà sì ń fì sísàlẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Agolo jábọ́. Àwa méjèèjì ń wò ó nílẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ mú un.

Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní ibà ni. Èmi lọ bá Bàbá Ṣówándé, àgbàlagbà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa. Wolé-wolé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Kò sí kànga tàbí ṣáláńgá tí wọn ò yẹ̀ wò rí lágbègbè wa. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ìwé kékeré kan ni wọ́n mú jáde.

"Ẹni mélòó ni inú ń run?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá."

"'Wọ́n pọ̀' kì í ṣe iye. Lọ kà wọ́n. Kí o sì ka àwọn tí nǹkan kan ò ṣe pẹ̀lú. Ẹni tí ara rẹ̀ le ló máa jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi, àmọ́ mo lọ. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń bi àwọn òṣìṣẹ́ léèrè: ibo lo ń dúró sí? Ó ti tó ọdún mélòó? Ṣé o máa ń jẹun níbi iṣẹ́? Bàbá ní kí n máa wo èrìgì wọn, pé bí òjé bá pọ̀ lára, ìlà dúdú tín-ín-rín lè hàn níbi tí èrìgì ti kan eyín. Mo rí i lẹ́nu Ràsákì. Mo rí i lẹ́nu àwọn mìíràn. Nígbà tí mo délé, mo gbé dígí lọ sójú fèrèsé, mo la ẹnu tèmi. Mi ò sọ ohun tí mo rí fún ọkọ mi.

Bàbá to gbogbo orúkọ náà sójú ìwé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fọ́ bátìrì àti àwọn tó ń yọ́ òjé ló ń ṣàìsàn. Àwọn tó wà ní géètì àti ọ́fíìsì, omi kan náà ni wọ́n ń mu, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń rà, ẹ̀fọn kan náà ló ń jẹ wọ́n, ara wọn sì le.

"A ti yọ omi kúrò, a ti yọ ibà kúrò," ni Bàbá wí. "Eruku ló kù." Wọ́n ní iyọ̀ tó ń dùn lọ́bẹ̀, bí èèyàn bá bu ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ mì, á ṣe é léṣe, torí pé ìwọ̀n ló ń sọ ọ̀pọ̀ nǹkan di oró. Ṣùgbọ́n òjé burú ju iyọ̀ lọ, nítorí kì í tètè jáde. Èyí tó wọlé lónìí á lọ bá ti àná nínú egungun, wọ́n á jọ máa gbé.

"Bàbá, ẹnì kan wà tí kò bá ìwé yín mu," ni mo wí. "Bísọ́lá, ọmọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, kò dé ibẹ̀ rí. Inú ń run òun náà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, kò sọ wọ́n mọ́."

Wọ́n gbé bírò sílẹ̀. "Ibo lo ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ?"

"Ilé ni, sà."

"Nínú kí ni?"

"Nínú báàfù tí mo fi ń wẹ ọmọ náà."

Bàbá ò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Mo padà sílé, mo gbé báàfù náà síta, mo dúró tì í, mi ò mọ ibi tí mo lè jù ú sí tí kò ní ṣe ọmọ ẹlòmíràn léṣe.

Ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ wa béèrè: ilé ìwẹ̀, kí ilé iṣẹ́ máa fọ aṣọ iṣẹ́ wa níbẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwa àti ọmọ wa wò. Máníjà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ka ìwé náà tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Bísọ́lá, ta ni dókítà nínú yín?"

"Kò sí, sà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ pe dókítà wá."

Ó ní ilé ìwẹ̀ ṣeé ṣe, àmọ́ ti ẹ̀jẹ̀ kò ṣeé gbọ́. Lọ́jọ́ Ajé, a jókòó síwájú géètì.

Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan dé kí oòrùn tó mú. Àwọn ìbọn náà sún mọ́ wa débi pé mo ń rí ibi tí ọ̀kan ti dógùn-ún. Ẹ̀rù bà mí, mo wá tẹjú mọ́lẹ̀ kí àwọn tó kù má bàa rí i. Lọ́jọ́ kejì, máníjà jáde wá: wọ́n á fi kún owó oṣù, wọ́n á fi kún mílíìkì, bí a bá ti lè gbàgbé ti ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń fọ́ bátìrì dìde. "Ebi ń pa mí lónìí," ó ní. "Òjé, ó di ọ̀la kó tó pa mí." Alága wa ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn nawọ́.

Mo ti fẹ́ gbé ọwọ́ mi sókè. Òótọ́ ni mo ń sọ fún yín yìí. Bí wọn ò bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi wò, kò sí ìwé tó máa sọ pé èmi ìyá rẹ̀ ni mo gbé òjé wálé bá a. Nígbà tí alága wá béèrè àwọn tí kò fara mọ́ ọn, Ràsákì nìkan ló kọ́kọ́ nawọ́. Ọ̀tún rẹ̀ kò dúró, ó ń wó, ó wá fi ọwọ́ òsì gbé e ró. Mo dìde, mo gun orí búlọ́ọ̀kù kan, mo sì sọ ọ̀rọ̀ báàfù náà tán níwájú gbogbo wọn. A ò gba owó náà mọ́.

Ó dé etígbọ̀ọ́ àwọn ìyàwó òṣìṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, wọ́n pọn ọmọ wá, wọ́n fa àwọn mìíràn lọ́wọ́, wọ́n lọ dúró síwájú àwọn ọlọ́pàá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó náà wo ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá. "Ọ̀gá, láti ọjọ́ Ajé lẹ ti ń fa eruku yìí símú. Ta ló ń bá yín fọ yunifọ́ọ̀mù yín nílé?"

Ọkùnrin náà wo apá aṣọ rẹ̀. Ó lọ bá máníjà, wọ́n pẹ́ nínú ọ́fíìsì. Kí àwọn Mùsùlùmí inú wa tó kírun Àsárì lọ́jọ́ náà, máníjà ti fọwọ́ sí ìwé wa.

Ẹ jẹ́ kí n wọn ohun tí a rí gbà. Wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ kò bá ẹnikẹ́ni délé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò sì tún ṣe é mọ́. Òjé pọ̀ lẹ́jẹ̀ Bísọ́lá ju tèmi lọ. Dókítà sọ fún mi pé a lè dá èyí tó ń wọlé dúró, ṣùgbọ́n èyí tó ti bàjẹ́ lọ́pọlọ ọmọdé, kò sí oògùn tó ń dá a padà. Ọwọ́ Ràsákì kò bọ̀ sípò. Ó padà sí Ìwó. Kò pé ọdún kan tí wọ́n fi dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ ọ̀hún kógbá wọlé. Wọ́n gé ilẹ̀ rẹ̀ ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì, wọ́n tà á, àwọn tó ń sá fún owó ilé Èkó sì kọ́lé síbẹ̀. Kò sí ẹni tó yẹ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò.

Bísọ́lá ti dàgbà báyìí, ó ń ránṣọ. Ìwé kíkà ò rọrùn fún un rí. Ó bi mí lọ́dún tó kọjá pé kí ló dé tí àbúrò òun fi ń yára kàwé ju òun lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan báàfù. Ó gbé aṣọ tó ń rán sílẹ̀.

"Màámi," ó ní, "ṣé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ báyìí mọ̀?"

Mo ní mi ò rò pé wọ́n mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ lọ. Nílé àkọ́kọ́, obìnrin kan ń gbin ewébẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ọmọ rẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ lásán, ó ń ṣeré. A kí i. Ó ní ká jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí bó ṣe bà mí níwájú àwọn ìbọn yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.