Aago Mẹ́ta Lórí Kọ̀m̀pútà Mi

Ìjù ni wọ́n fẹ́ yọ fún àbúrò mi obìnrin. Ó ti ń bá a fínra láti nǹkan bí ọdún mẹ́ta, kó tó wá di pé dókítà rẹ̀ ní Kánádà sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́ àfi iṣẹ́ abẹ. Ọjọ́ Ajé kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni wọ́n fi í sí, aago mẹ́jọ àárọ̀ tiwọn lọ́hùn-ún. Ọkọ rẹ̀ ló pè mí láti sọ fún mi.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi rọra sọ ọ́ fún Màmá. Wọ́n ní kò ní ju wákàtí mẹ́ta lọ. Tó bá fi máa di aago mọ́kànlá níbí, màá ti pè yín."

Mo rọra sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló lè rọra sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọlọ́mọ? Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ìyá wa ti wọkọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ti dé ilé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Ó ní òun ò lè jókòó síbi tí ẹlòmíràn á ti máa sọ ìròyìn ọmọ òun fún òun.

Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé, inú pálọ̀ náà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Iléeṣẹ́ kan ní Máńsẹ́sítà ló gbà mí pé kí n máa dá àwọn oníbàárà wọn lóhùn lórí kọ̀m̀pútà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìka ni mo fi ń ka ìyàtọ̀ wákàtí, mo sì ti pẹ́ dé ìpàdé wọn lẹ́ẹ̀mejì kí ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkọ̀tún tó fi aago orí kọ̀m̀pútà kan hàn mí. Aago yìí kò ní ibi tí èèyàn ń fi máòsì tẹ̀. Fèrèsé dúdú kan lèèyàn máa ṣí lórí kọ̀m̀pútà, á wá kọ àṣẹ sínú rẹ̀: ìlú tó fẹ́ mọ aago rẹ̀, àwọ̀ tó wù ú, bí nọ́ńbà ṣe máa tóbi tó, igun tó máa dúró sí. Tó bá ti kọ ọ́ tán, aago á yọ lójú kọ̀m̀pútà bó ṣe ní kó rí gẹ́lẹ́.

Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo kọ Èkó, mo sọ ọ́ ní "Ilé". Mo kọ Máńsẹ́sítà, mo sọ ọ́ ní "Iṣẹ́". Nígbà tó kan ti àbúrò mi, aago náà kọ̀. Ìlú kékeré ni wọ́n ń gbé, ó sì dá mi lóhùn pé òun ò mọ ibẹ̀. Mo tún un kọ, ó tún sọ bẹ́ẹ̀. Èmi sì rèé, n kì í ní sùúrù. Dípò kí n wá ìlú ńlá tí wọ́n jọ ń lo aago kan náà, nọ́ńbà lásán ni mo kọ sí i, pé kó máa fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn Èkó. Ó gbà. Mo sọ ọ́ ní "Àbúrò", mo fún un ní àwọ̀ ọsàn, mo sì bá iṣẹ́ mi lọ.

Ní ìparí oṣù Kẹwàá, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì dá aago wọn padà sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Aago "Iṣẹ́" dá tirẹ̀ padà fúnra rẹ̀, n ò fọwọ́ kàn án. Mo pe ọ̀rẹ́ mi, mo fi yangàn fún un. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé àwọn ará Kánádà náà ń dá aago padà.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Màmá jókòó sórí àga tó kọjú sí kọ̀m̀pútà láti àárọ̀.

"Aago mélòó lọ́dọ̀ wọn báyìí?"

"Mẹ́fà ti lù, Màmá."

"Ṣé ó ti jí?"

"Á ti jí."

Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó tún bi mí. Mo kọ àṣẹ tuntun, mo sọ aago ọsàn náà di ńlá kí ó lè máa rí i láti ibi tó jókòó sí. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Kò rìn." Mo ní ó ń rìn. Ó ní òun ò rí i kó rìn. Mo bá ní kó máa fi ìṣẹ́jú àáyá hàn pẹ̀lú. Áà, àṣìṣe gbáà! Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú wa, ẹsẹ̀ Màmá sì ń bá a sáré lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo yọ ọ́ kúrò.

Nígbà tí aago ọsàn náà di mẹ́jọ, ọ̀sán aago kan ni lọ́dọ̀ wa. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àyìlá tán ni, kò tiẹ̀ tíì ká ẹní nílẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ti gbé e wọlé." Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, èmi ń ṣe àmín lẹ́yìn rẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, n ò lè sọ ohun tí mo ṣe níbẹ̀. Mo pààrọ̀ àwọ̀ aago náà sí funfun, mo dá a padà sí ọsàn. Mo gbé e lọ sókè, mo gbé e wá sí ìsàlẹ̀. Wọ́n múná lọ, kọ̀m̀pútà bọ́ sórí bátìrì, ẹ̀rọ amúnáwá aránṣọ ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo ti fèrèsé, ooru mú wa, mo tún un ṣí. Màmá se ìrẹsì tí ẹnikẹ́ni kò jẹ.

Aago ọsàn di mọ́kànlá. Fóònù ò dún. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé. Ó fi ogún lé.

Màmá ní, "Pè é."

Mo pe ọkọ àbúrò mi. Kò wọlé. Mo tún un pè.

"Ó ti pa fóònù rẹ̀, Màmá."

"Kí ló dé tó pa á?" Ó ti dìde. "Ẹni tó ní òun á pe èèyàn ló pa fóònù? Ó ń fi nǹkan pamọ́ fún mi ni. Láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ ọmọ mi ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yẹn ò lè la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ tààrà. Oníkọ̀rọ̀! Tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ mi, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ni!"

"Màmá, ẹ ṣe sùúrù."

"Má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù jàre!"

Ó gbé fóònù tirẹ̀, ó pe àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹkún tí ìyẹn fi dáhùn, mo gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. Mo jáde dé ibi géètì, mo padà wọlé, mo tún jáde. Ọkàn mi ń sọ ohun tí ẹnu mi ò lè sọ. Mo ti ń ro ẹni tí màá pè láti bá mi di Màmá mú tí ìròyìn burúkú bá dé.

Ìgbà tí mo padà wọlé lẹ́ẹ̀kẹta ni mo rò pé bóyá aago náà ló kọṣẹ́. Mo ṣí fèrèsé dúdú náà, mo kọ Tóróńtò, nítorí mo mọ̀ pé aago kan náà ni ibẹ̀ àti ìlú àbúrò mi jọ ń lò. Aago kẹrin yọ. Aago ọsàn ní mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Èyí tuntun ní mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Mo rò pé mo ṣi ìlú kọ. Mo tún un kọ. Mẹ́wàá náà ni. Ìgbà yẹn ló wá yé mi: ọjọ́ Àìkú, àná gan-an, ni àwọn náà dá aago tiwọn padà. Aago tí mo fi nọ́ńbà dè mọ́lẹ̀ kò lè mọ̀. Èyí ni pé nígbà tí a ń gbàdúrà fún ọ̀bẹ lẹ́yìn Àyìlá, ó ṣeé ṣe kí àbúrò mi ṣì jókòó, kó máa retí kí wọ́n pe orúkọ òun.

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ṣì í. Wákàtí tó dá kò tíì pé. Aago mi ló fi wákàtí kan ṣáájú."

Ó wò mí, ó wo kọ̀m̀pútà, ó tún wò mí.

"Ṣé ò ń tàn mí ni?"

"N ò tàn yín. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n."

"O jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ!"

Ìyẹn ló ká a lára jù. Ó jókòó, ó sì fi gèlè rẹ̀ nu ojú. Mo ti rò pé ọkàn mi á balẹ̀, kò balẹ̀. Ìdúró náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà tí fóònù dún. Ọkọ àbúrò mi ni. Ó ní wọ́n ti parí, ó ti lajú, ó ti béèrè omi. Ó ní wọ́n ní kí òun pa fóònù níbi tí òun jókòó sí ni. Màmá já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

"Ọkọ ọmọ mi, forí jì mí."

"Màmá, kí lẹ ṣe fún mi?"

"Má bi mí. Ṣáà ní o ti forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Màmá." Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀, kò yé e rárá.

Lẹ́yìn náà ló pe àbúrò rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kó nu ojú. Ó bu ìrẹsì tó ti tutù, ó bu tèmi náà, a sì jẹ ẹ́. Kó tó sùn ló ní, "Àdúrà tá a gbà lọ́sàn-án yẹn, Ọlọ́run á ti bá wa tọ́jú ẹ̀ dé àsìkò rẹ̀." N ò mọ̀ bóyá èmi ló ń tù nínú ni àbí ara rẹ̀.

Mo pa aago "Àbúrò" rẹ́, mo fi Tóróńtò rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, àbúrò mi pè wá lórí fóònù tí a fi ń rí ojú ara wa. Ó ti rù díẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo sọ gbogbo bó ṣe lọ fún un, títí kan èébú tí ọkọ rẹ̀ jẹ láìmọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ojú ọgbẹ́ ń dùn mí."